Ta Ló Di Ìjánu Ọ́tánétọ̀ Mú?

ÌBÉÈRÈ

 

Iṣẹ́ rewáyà ni mo kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde kí n tó rìnrìn àjò. Láti bí ọdún mélòó kan, mo ti ń kan bàálù kan nínú gáréèjì mi nítòsí Houston, ní Texas. RV-7 ni, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Van's Aircraft máa ń kó páànù àti irin rẹ̀ ránṣẹ́ sí èèyàn láti Oregon, kó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó. Ara rẹ̀ ti pé, apá rẹ̀ méjèèjì ti wọlé, ẹ́ńjìnnì Lycoming O-360 ti jókòó síwájú. Iná ló kù.

Àwọn tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí ní pápákọ̀ wa ti pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ ọ́tánétọ̀. Ẹnì kan ní kí n lọ ra ti mọ́tò, èyí tí régúlétọ̀ rẹ̀ wà nínú ikùn rẹ̀. Ó ní wáyà kan péré ló ń lò, owó rẹ̀ ò pọ̀, ìlú yòówù tó bá sì ti bà jẹ́, n óò rí òmíràn rà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹnì kejì yarí. Ó ní régúlétọ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀, pé ti inú lè ṣe bàálù ní jàǹbá. Ara mọ́tò ni mo ti mọ ọ́tánétọ̀, n kò sì rí i kí ti inú ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá ní Ìjẹ̀bú. Mo fẹ́ yọ mágínẹ́tò méjèèjì kúrò lára ẹ́ńjìnnì, kí n fi ìgínísọ̀n tó ń jẹ iná bátìrì rọ́pò wọn. Síkírìnì méjì ló máa wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Èwo ni kí n ṣe?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Texas

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o kú ìfaradà. Ẹni tó bá fi alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ rẹ̀ lu ríbẹ́ẹ̀tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí páànù fi di bàálù, iṣẹ́ ọkùnrin ló ṣe. Inú mi tún dùn nítorí pé ìdílé RV yìí kì í ṣe àjèjì sí wa nílé. RV-6A, ẹ̀gbọ́n RV-7 rẹ, ni wọ́n wò ṣe Air Beetle, bàálù ìkọ́ni tí ilé iṣẹ́ AIEP tò ní Kàdúná fún àwọn ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà.

N kò ní fi ìdáhùn pamọ́ fún ọ. Níwọ̀n bí o ti fẹ́ yọ mágínẹ́tò méjèèjì, ti régúlétọ̀ ìta ni kí o gbà, pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ tí yóò máa wo fóòtì kó má gòkè jù. Ṣùgbọ́n kí o tó lọ sanwó, gbọ́ ìdí rẹ̀. Ibi tí régúlétọ̀ jókòó sí ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjèèjì ń jà lé lórí, ibẹ̀ sì kọ́ ni ewu wà. Ohun tó yẹ kí wọ́n máa bi ara wọn ni pé: lọ́jọ́ tí régúlétọ̀ bá ya wèrè, ta ni yóò pa ọ́tánétọ̀ yẹn, kí ni yóò sì fi pa á?

Ìwọ mọ inú ọ́tánétọ̀, àmọ́ jẹ́ kí àwọn òǹkàwé yòókù bá wa kálọ. Rótọ̀ tó ń yí láàárín kì í ṣe òòfà fúnra rẹ̀. Wáyà tí wọ́n ká sí i lára ló ń sọ ọ́ di òòfà, nígbà tí iná díẹ̀ bá gba orí kábọ́ọ̀nù méjì wọ inú rẹ̀. Iná díẹ̀ yìí ni fííìdì. Bí áńpù mẹ́ta sí mẹ́rin ni, kódà nígbà tí ọ́tánétọ̀ áńpù 60 bá ń ṣiṣẹ́ dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Òòfà tó ń yí yìí ló ń jí iná dìde nínú kọ́pà tó yí i ká, dáyóòdù mẹ́fà á sì sọ iná náà di irú èyí tí bátìrì lè gbà. Bí fííìdì bá pọ̀, iná tó ń jáde á pọ̀. Bí a bá gé e, ọ́tánétọ̀ á kàn máa yí lófo ni. Nígbà tó o wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ọ̀gá rẹ bá ní kí o gbé súkúrúdiráfà sún mọ́ ẹ̀yìn ọ́tánétọ̀ kí o wò ó bóyá yóò fà á, fííìdì lò ń wá yẹn.

Régúlétọ̀ ni ìjánu. Ó ń wo fóòtì, ó ń tú fííìdì sílẹ̀, ó ń fà á padà, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí fóòtì má baà yẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 14.2. Ọ̀nà méjì ló sì lè gbà kú. Ó lè kú kó gé fííìdì. Nígbà náà ọ́tánétọ̀ á dákẹ́, fóòtì á wálẹ̀ sí 12 àti díẹ̀, bátìrì nìkan ni yóò wá máa ru gbogbo ẹrù. Èyí ò dáa, àmọ́ ó ní sùúrù. Ó ń fún awakọ̀ láyè láti pa ohun tí kò nílò, kó wá ibi tí yóò balẹ̀ sí. Ọ̀nà kejì ni kí transistor tó ń tú fííìdì sílẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, kí gbogbo fóòtì tó wà lórí wáyà máa wọ inú rótọ̀ láìsí ohun tó ń fà á sẹ́yìn. Ìyẹn kò ní sùúrù rárá, torí bí fóòtì ṣe ń gòkè náà ni fííìdì ń pọ̀, bí fííìdì ṣe ń pọ̀ náà ni fóòtì tún ń gòkè.

Rò ó wò lára bàálù tìrẹ. Ẹ́ńjìnnì rẹ ń yí ní 2,400 lójú ìṣẹ́jú kan. Pọ́ọ̀lì ńlá tó wà lẹ́yìn pùròpélà ń yí pọ́ọ̀lì kékeré ọ́tánétọ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta eré yẹn lọ, fún wákàtí méjì, wákàtí mẹ́ta, kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí yóò ti sinmi. Bí fííìdì bá ṣí gbayawu lórí irú eré bẹ́ẹ̀, bátìrì ló kọ́kọ́ ń dúró níwájú fóòtì náà. Á máa gbé áńpù mì, ara rẹ̀ á máa gbóná, omi inú rẹ̀ á máa hó, á sì di fóòtì mú sí 15, sí 16, sí 17 fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, agbára rẹ̀ á pin. Ọ́tánétọ̀ tí kò sí bátìrì tó ń dì í mú lè kọjá 100 fóòtì. Ọ̀pọ̀ síkírìnì ayé òde òní ni wọ́n ṣe láti fara da nǹkan bí 30. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá kọ́kọ́ jó ni yóò sọ fún ọ pé nǹkan ti bà jẹ́.

O ní o kò rí i kí ti inú ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá ní Ìjẹ̀bú. Mo rò pé o rí i. Oníbàárà tó ń pààrọ̀ gílóòbù iwájú lóṣooṣù, tí omi bátìrì rẹ̀ ń gbẹ kíákíá, tí òórùn ẹyin tó ti bà jẹ́ ń jáde lábẹ́ bọ́ọ̀nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, régúlétọ̀ tí kò kó fííìdì níjàánu mọ́ ló gbé wá bá yín. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi tòkunbọ̀ rọ́pò rẹ̀, ó sanwó, ó lọ. Ọ̀nà Ìbàdàn ní ẹ̀gbẹ́ tí awakọ̀ lè yà sí, kó pa ẹ́ńjìnnì, kó pe rewáyà. Níbi tí ìwọ máa wà, ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ẹsẹ̀ sókè, púlọ́ọ̀gì rẹ ń retí iná láti ọ̀dọ̀ bátìrì kan náà tó ń hó yẹn.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ mágínẹ́tò nìyí. Mágínẹ́tò ní òòfà tirẹ̀, kì í bẹ bátìrì kó tó tanná. Bàálù tó bá ní méjì, bí gbogbo iná inú rẹ̀ bá kú pátá, ẹ́ńjìnnì á ṣì máa kùn lọ, awakọ̀ á sì máa fi ojú wo ilẹ̀ títí yóò fi dé ibi tó ń lọ. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni tìrẹ rí, tí o sì ń fò lọ́sàn-án nìkan, n kì bá tí le mọ́ ọ tó báyìí. Ṣùgbọ́n ìwọ ti fi ẹ̀mí ẹ́ńjìnnì rẹ sọ́wọ́ iná.

Ká wá sọ̀rọ̀ ọ́tánétọ̀ mọ́tò tí ọ̀rẹ́ rẹ àkọ́kọ́ ń polówó. N kò kórìíra rẹ̀. Ọ́tánétọ̀ mọ́tò kékeré ti Nippondenso, n kò mọ ẹ̀rọ tó tó o fúyẹ́ tó sì tún lágbára bẹ́ẹ̀. Kódà B&C tó wà ní Newton, ní Kansas, tí àwọn tó ń kan bàálù fọkàn tán, ara Nippondenso ló mú lò. Ó yọ régúlétọ̀ inú rẹ̀ dànù, ó sì tà á fún èèyàn gẹ́gẹ́ bí ọ́tánétọ̀ tí régúlétọ̀ rẹ̀ máa wà níta. Irin rẹ̀ ò láìsàn. Ètò bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀ ni mo ń bá jà. Nínú ọ̀pọ̀ ọ́tánétọ̀ mọ́tò, wáyà kékeré tó ń ti ọ̀dọ̀ súìṣì bọ̀ kàn ń jí régúlétọ̀ ni. Bó bá ti jí, tí rótọ̀ sì ń yí, iná tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe ló ń gé fún fííìdì. O lè pa súìṣì rẹ kó má dá ọ lóhùn. Ti wáyà kan ṣoṣo yẹn tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: kò ní súìṣì kankan, eré rótọ̀ ló ń jí i, àfi kí ẹ́ńjìnnì kú kó tó sùn. Bí régúlétọ̀ inú rẹ̀ bá ya wèrè lókè, kò sí wáyà tí ọwọ́ rẹ lè tó tí wàá gé kó dákẹ́, torí fííìdì rẹ̀ ò jáde síta rárá.

Àwọn ọlọ́gbọ́n ti wá nǹkan ṣe sí i. Bob Nuckolls, tó kọ The AeroElectric Connection, ìwé tó yẹ kó wà lórí tábìlì rẹ láti òní lọ, ya àwòrán kan tó pè ní Z-24. Rílè ńlá kan wọ àárín wáyà ńlá tó ń gbé iná jáde láti ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ kékeré kan sì ń ṣọ́ fóòtì. Bó bá ti gòkè jù, rílè á já, ọ́tánétọ̀ á dá wà, bàálù á yè. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ́tánétọ̀ tá a dá dá wà yẹn. Ẹni tó ń gbé áńpù 40 lọ́wọ́ kò lè jáwọ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí òòfà inú rótọ̀ ń fẹ́ àkókò díẹ̀ kó tó rọ̀. Láàárín àkókò kékeré yẹn, tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, fóòtì á fò sókè, régúlétọ̀ tí wọ́n kàn mọ́ inú ilé kan náà ló sì ń forí fá a. Àwọn kan wà tí régúlétọ̀ wọn ò ṣàìsàn rí. Wọ́n kàn fẹ́ dán súìṣì wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, wọ́n já rílè, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn pa ọ́tánétọ̀ tó dáa.

Ìwọ náà mọ nǹkan yìí, ibòmíràn lo ti mọ̀ ọ́n. Rewáyà ẹ̀bá títì tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọ́tánétọ̀ ń ṣàájì, á ní kí wọ́n sítáàtì mọ́tò, á wá yọ orí bátìrì kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń kùn lọ́wọ́. Bí mọ́tò ò bá kú, á ní ọ́tánétọ̀ yè. Nígbà tí inú mọ́tò kò ní ju gílóòbù àti họ́ọ̀nù lọ, wọ́n ń mú un jẹ. Láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti wọ inú mọ́tò, ọ̀pọ̀ bíréènì-bọ́ọ̀sì ló ti bá àṣà yẹn lọ, oníbàárà ló sì ń sanwó rẹ̀. Bátìrì tí wọ́n yọ lórí ọ́tánétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ni rílè tí wọ́n já lórí ọ́tánétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Fóòtì kan náà ló ń fò. Mo bẹ̀ ọ́, má gbé àṣà yẹn wọ háńgà.

Ọ̀nà kẹta wà tí kò sí nínú ìjà àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Plane Power, tó ti bọ́ sọ́wọ́ Hartzell báyìí, ń ṣe ọ́tánétọ̀ tí régúlétọ̀ rẹ̀ wà nínú, àmọ́ tó jẹ́ pé bàálù ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Bírékà áńpù 5 tó wà níwájú awakọ̀ ni iná fííìdì rẹ̀ ń gbà kọjá, ẹ̀ṣọ́ fóòtì sì wà nínú rẹ̀. Pa súìṣì, yóò kú. Bí fóòtì bá gòkè jù, bírékà á já. Ẹni tí kò fẹ́ wáyà púpọ̀, tí mágínẹ́tò kan ó kéré tán ṣì wà lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀, èmi ò ní bá a jiyàn bó bá ra èyí. Ooru ni mo ń bẹ̀rù níbẹ̀. Bó o bá balẹ̀ tí o pa ẹ́ńjìnnì ní ọ̀sán gangan ní Texas, afẹ́fẹ́ ò fẹ́ lábẹ́ ìbòrí ẹ́ńjìnnì mọ́, ooru sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì bo gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Kọ́pà lè fara dà á, transistor ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó sì yẹ kó ṣọ́ régúlétọ̀ wà nínú ooru kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Ti ìta tí mo fẹ́ fún ọ, báyìí ni yóò ṣe rí. Régúlétọ̀ á wà lẹ́yìn ògiri irin tó ya ẹ́ńjìnnì sọ́tọ̀, níhà ọ̀dọ̀ rẹ, níbi tó tutù. Láti ara irin tó ń pín iná, wáyà kan á gba inú bírékà áńpù 5, á gba súìṣì, á dé ọ̀dọ̀ régúlétọ̀. Láti ibẹ̀, wáyà mìíràn á lọ bá fííìdì ọ́tánétọ̀. Wáyà fííìdì tó jáde síta yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀, torí ọwọ́ rẹ tó o. Pa súìṣì, fííìdì á gé, òòfà á rọ̀, ọ́tánétọ̀ á dákẹ́ jẹ́ẹ́, wáyà ńlá ò sì já kúrò lára bátìrì rárá tí fóòtì ì bá fi fò.

Ojú ọ̀nà yìí kan náà ni ẹ̀ṣọ́ fóòtì á dúró sí. Irú èyí tí Nuckolls fọwọ́ sí, tó sì wà nínú régúlétọ̀ LR3C ti B&C, ìṣe rẹ̀ ń ya èèyàn lẹ́nu nígbà tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bó bá ti rí i pé fóòtì ti kọjá 16 díẹ̀, ṣe ló máa mọ̀ọ́mọ̀ fi wáyà tó ń gbé iná fún fííìdì kan irin ara bàálù, kí áńpù lè ya wọ ibẹ̀, kí bírékà lè já. Kí o tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Orí bírékà á yọ síta níwájú rẹ, wàá rí i, wàá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, àwọn síkírìnì rẹ á sì máa jẹ iná bátìrì lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe. Nítorí náà bírékà gan-an ni kí o fi síbẹ̀, má fi fíùsì síbẹ̀. Má sì jẹ́ kí fíùsì kékeré mìíràn wà láàárín irin tó ń pín iná àti bírékà yẹn, kó má baà jó ṣáájú rẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tí ojú rẹ ò lè dé.

LR3C tún ní ohun kan tí mo fẹ́ràn: wáyà kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa wo fóòtì lọ, kì í gbé ẹrù. Nínú régúlétọ̀ olówó pọ́ọ́kú irú ti Ford àtijọ́, ojú ọ̀nà kan náà tó ń gbé iná fííìdì ni wọ́n tún fi ń wo fóòtì. Bí súìṣì àti bírékà tó wà lójú ọ̀nà náà bá ti gbó, tí wọ́n ń bu díẹ̀ jẹ lára fóòtì tó ń kọjá, régúlétọ̀ á rò pé iná ò tó, á tú fííìdì sílẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá tó tẹ̀ lé e, á rò pé ó ti pọ̀ jù, á fà á padà. Abẹ́rẹ́ mítà áńpù á wá máa jó síwá-sẹ́yìn. Àwọn tó ní Cessna àtijọ́ mọ ijó yẹn dáadáa. Ọ̀pọ̀ wọn ti ra régúlétọ̀ lórí régúlétọ̀ nítorí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ súìṣì tó ti dógùn-ún ló yẹ kí wọ́n yọ dànù.

Ti ìta ní àléébù tirẹ̀, má jẹ́ kí ẹnì kan tàn ọ́. Orí wáyà pọ̀ níbẹ̀, ibikíbi tí orí wáyà bá sì wà, nǹkan lè já níbẹ̀. Àwọn régúlétọ̀ kan wà tó jẹ́ pé bí wáyà tó ń wo fóòtì bá já, wọ́n á rò pé bátìrì ti kú, wọ́n á sì tú gbogbo fííìdì sílẹ̀. Ìyẹn ni pé régúlétọ̀ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè ya wèrè nítorí orí wáyà tí o kò tẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, bó ti wù kí régúlétọ̀ náà dára tó, má fi í sí bàálù láìsí ẹ̀ṣọ́.

Ti pé ti mọ́tò ni wàá rí rà ní ìlú yòówù: régúlétọ̀ ìta irú ti Ford náà wà ní ṣọ́ọ̀bù páàtì mọ́tò káàkiri Amẹ́ríkà, nǹkan kékeré sì ni, o lè gbé ọ̀kan sínú bàálù. Ṣùgbọ́n àǹfààní ti ìta tó tóbi jù fún ẹni bíi tìẹ ni pé o lè dá àìsàn rẹ̀ mọ̀ fúnra rẹ. Ká ní iná kọ̀ ní pápá kan tí o ò mọ ẹnikẹ́ni. Pa ẹ́ńjìnnì, pa ìgínísọ̀n méjèèjì, kó o sì rí i pé wọ́n kú lóòótọ́ kí o tó sún mọ́ iwájú bàálù. Tan súìṣì bátìrì àti ti ọ́tánétọ̀. Níwọ̀n bí fóòtì kò ti tó 14.2, régúlétọ̀ tó yè gbọ́dọ̀ tú fííìdì sílẹ̀ tán pátápátá. Fi mítà kan orí fííìdì lẹ́yìn ọ́tánétọ̀: bó o bá rí fóòtì tó sún mọ́ ti bátìrì, régúlétọ̀ àti wáyà rẹ̀ yè. Wá gbé súkúrúdiráfà sún mọ́ ẹ̀yìn, bí ọ̀gá rẹ ṣe kọ́ ọ. Bí kò bá fà á, kábọ́ọ̀nù ti jẹ tán, tàbí kí wáyà rótọ̀ ti já. Ọ́tánétọ̀ tí gbogbo nǹkan rẹ̀ wà nínú ikùn kò ní jẹ́ kí o wo ìdajì èyí. Rántí pé ìwọ tí o kàn án lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ FAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ bàálù, láti máa ṣe àyẹ̀wò ọdọọdún rẹ̀ fúnra rẹ. Ohun tí o lè fi mítà wọ̀n ni kí o fi síbẹ̀.

O kò sọ irú bátìrì tí o fẹ́ lò. Bó bá jẹ́ ti lítíọ́mù ni, nítorí pé ó fúyẹ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ fóòtì ti kúrò ní ìmọ̀ràn, ó ti di dandan. Bátìrì olómi àtijọ́ máa ń dúró jẹ ìyà, á máa gbé áńpù mì títí yóò fi hó. Ti lítíọ́mù ní ẹ̀rọ kékeré nínú tó ń dáàbò bò ó. Bí fóòtì bá gòkè jù, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń yọ ara wọn kúrò lára wáyà. Ó ti gba ara rẹ̀ là, àmọ́ ó ti fi ọ́tánétọ̀ tó ya wèrè sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn síkírìnì àti ìgínísọ̀n rẹ, kò sì sí bátìrì láàárín wọn mọ́.

Ní ti ọjọ́ tí ọ́tánétọ̀ bá kú pátápátá, ẹ̀ṣọ́ kankan ò ní lè jí i. Bátìrì áńpù-wákàtí 16, irú Odyssey kékeré tí àwọn onílé RV fẹ́ràn, kò lè gbé áńpù 8 fún wákàtí méjì gbáko, bó bá sì ti lo ọdún mẹ́ta, má gbà á gbọ́ ju ìdajì ìyẹn lọ. Níwọ̀n bí síkírìnì ti gba ipò àwọn aago tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́, ojú ibi tí wọ́n ń de pọ́ńpù afẹ́fẹ́ mọ́ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì rẹ ṣófo. De ọ́tánétọ̀ kékeré mọ́ ibẹ̀, irú SD-8 ti B&C. Áńpù 8 ni, òòfà tirẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́. Kọ áńpù ìgínísọ̀n méjèèjì sílẹ̀, ti síkírìnì kan, ti rédíò kan, kí o ro wọ́n pọ̀. Bó bá kọjá 8, pinnu nísinsìnyí, lórí ilẹ̀, èwo ni wàá pa.

Kí o tó fò, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí ní nǹkan bí 1,500 lórí ilẹ̀, kí fóòtì dúró sí 14.2, wá pa súìṣì ọ́tánétọ̀. Fóòtì gbọ́dọ̀ wálẹ̀ sí abẹ́ 13 láìpẹ́, kí iná ìkìlọ̀ tàn. Tàn án padà, kó dìde. Bí kò bá wálẹ̀, má fò, ohun kan ń bọ́ fííìdì tí o kò mọ̀ sí. FAA á ní kí o fi wákàtí 25 tàbí 40 dán bàálù rẹ wò kí o tó gbé ẹnì kan sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èrò. Ṣe àyẹ̀wò yìí ṣáájú gbogbo ìfò nínú àwọn wákàtí yẹn, kí o sì máa kọ fóòtì rẹ̀ sínú ìwé.

Bí owó SD-8 kò bá tíì sí, fi mágínẹ́tò kan sílẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì títí yóò fi wà. Ìgínísọ̀n kan tó ń jẹ iná bátìrì tó ọ bẹ̀rẹ̀. Kí o sì ya àwòrán wáyà rẹ ránṣẹ́ sí mi kí o tó gé wáyà àkọ́kọ́.